Kúbùsù Tí A Bẹ̀rẹ̀ Láti Àárín

Òórùn aṣọ òwú tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, tí a sá sórí termosifone, irin tó ń mú ilé móoru, kó lè tètè gbẹ, ni mo máa ń kọ́kọ́ gbọ́ bí mo bá rántí ilé yẹn ní Moncalieri, nílẹ̀ Ítálì. Kì í ṣe òórùn ọṣẹ nìkan. Òwú tí wọn kò pa láró ní òórùn tirẹ̀, ó jọ ti koríko gbígbẹ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ ta sí lára, ó sì máa ń dàpọ̀ mọ́ òórùn kọfí tí Màmá ń sè lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Màmá ni mo ń pè wọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ badante, iṣẹ́ ìtọ́jú àgbà, ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ wọn. Opó ni wọ́n, wọ́n ti lé lọ́gọ́rin ọdún, iṣẹ́ aránṣọ ni wọ́n sì fi gbogbo ayé wọn ṣe. Mo máa ń wọ bọ́ọ̀sì láti Torino láàárọ̀, mo sì máa ń kúrò lọ́dọ̀ wọn nígbà tí iná ojú títì bá bẹ̀rẹ̀ sí í tàn.

Ìwọ náà mọ bí àwa tó wá wá iṣẹ́ síbí ṣe ń rìn ín. Ilé ìkẹ́rùsí kan ní Piacenza ni mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Páálí ni mò ń gbé títí ẹ̀yìn mi fi ní òun ò ṣe mọ́. Arábìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ló sọ fún mi pé màmá kan ṣubú, ọrùn ọwọ́ ọ̀tún wọn ṣẹ́, ọmọ wọn sì ń wá ẹni tí yóò máa wà pẹ̀lú wọn lójúmọmọ. Nígbà tí mo débẹ̀, egungun ti jiná, ṣùgbọ́n ọwọ́ ṣì ń gbọ̀n. Àwọn tó ń bá wọn na ọwọ́ ọ̀hún ní ilé ìwòsàn ní kí wọ́n wá iṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ kan máa fi ṣe, kí iṣan má baà gan. Ọjọ́ tí wọ́n gbọ́ ìyẹn ni wọ́n ní kí n gun àga, kí n gbé àpótí kan sọ̀ kalẹ̀ lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Aṣọ òwú fífẹ̀ kan ló wà nínú rẹ̀, ó nípọn, ó funfun bí wàrà, pẹ̀lú wúlù aláwọ̀ mẹ́ta àti aṣọ ìnuwọ́ kan tó ti gbó. Ìyá wọn ló ṣe ọnà tó wà lára aṣọ ìnuwọ́ náà. Ìyá náà kọ́ ọ lọ́dọ̀ obìnrin àdúgbò wọn kan tó lọ ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ nílẹ̀ òkèèrè tó sì padà wálé. Wọ́n ní ricamo svedese ni wọ́n ń pè é, iṣẹ́ ọnà àwọn ará Sweden.

"Ṣé o mọ abẹ́rẹ́ í lò?" ni wọ́n bi mí.

Mo ní mo mọ̀ ọ́n dáadáa, pé nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, tìṣà wa a máa gbé iṣẹ́ mi sókè kí gbogbo kíláàsì lè rí i.

"Ó dáa. Gbàgbé gbogbo ìyẹn."

Iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ kọ́ mi yàtọ̀ lóòótọ́. Wọ́n hun aṣọ náà lọ́nà tó fi jẹ́ pé àwọn òwú kan yọ sókè díẹ̀ lójú rẹ̀, wẹ́wẹ́, bí afárá kéékèèké. Abẹ́rẹ́ kújú ni a fi ń gba abẹ́ àwọn afárá yẹn kọjá, wúlù á tẹ̀ lé e, á gòkè, á sọ̀ kalẹ̀, títí ọnà yóò fi yọ lójú aṣọ. Abẹ́rẹ́ kò gbọdọ̀ gún aṣọ. Bí o bá yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, o kò ní rí nǹkan kan. Èyí ló nira fún mi jù, torí abẹ́rẹ́ tí mo mọ̀ láti ilé, gígún ló ń gún. Màmá á gbá mi lọ́wọ́ pẹ́ẹ́. "Má gún un. Wọ abẹ́ rẹ̀ kí o jáde, kí aṣọ má mọ̀ pé o kọjá."

Àárín ni a sì ti ń bẹ̀rẹ̀, a kì í bẹ̀rẹ̀ láti etí. A ká aṣọ náà sí méjì, a tún ká a sí méjì, a fi òwú pupa sàmì sí ibi tí ìṣẹ́po méjèèjì ti pàdé. Wúlù gígùn kan ni a kọ́kọ́ fi kọjá, ìdajì rẹ̀ lọ sápá ọ̀tún, ìdajì lọ sápá òsì. Ìlà àkọ́kọ́ yẹn ni olórí. Bí ó bá wọ́, gbogbo èyí tó bá tẹ̀ lé e yóò wọ́. Màmá fúnra wọn ló ṣe é, ó gbà wọ́n ní odidi ọ̀sán kan, mi ò sì gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n parí rẹ̀, wọ́n na ẹ̀yìn, wọ́n fi ọwọ́ júwe àga tó wà ní òdìkejì tábìlì fún mi.

"Jókòó síbẹ̀. Ìwọ mú apá tìrẹ, èmi á mú tèmi. Bí èmi àti àbúrò mi ti máa ń ṣe é nìyẹn."

Àbúrò wọn yìí ni a fẹ́ fi aṣọ náà ṣe kúbùsù fún. Padova ni ó lọ́kọ sí nígbà èwe rẹ̀, ibẹ̀ náà ló sì dàgbà sí. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ó wà nílé ìtọ́jú àwọn àgbà, ìrántí rẹ̀ sì ti ń já lọ díẹ̀díẹ̀. Dókítà ti là á mọ́lẹ̀ fún gbogbo ẹbí pé ìrántí náà kò ní padà. Kí n tó rí i sójú ni mo ti mọ ohùn rẹ̀, torí ní gbogbo ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ló máa ń pe Màmá, mo sì máa ń gbé fóònù sórí tábìlì kí ohùn lè jáde, nítorí ọwọ́ tó ń gbọ̀n. Aláwàdà ni. "Ṣé kúbùsù lẹ̀ ń ṣe ni àbí ẹ̀ ń kọ́ kàtídírà? Ẹ bi ọmọ Áfíríkà yẹn pé ṣé ẹ ti jẹ́ kó mu omi lónìí." Màmá á ní kó pa ẹnu dé. Àmọ́ lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn tí wọ́n ti rẹ́rìn-ín tán, ohùn rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè mú un wá. Mo fẹ́ kó jẹ́ pé nígbà tí ẹ bá gbé e lé mi lẹ́sẹ̀, mo ṣì mọ̀ pé ẹ̀yin ni." Màmá ní kó má sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́. Nígbà tí fóònù kú, wọ́n wọ òwú sójú abẹ́rẹ́ fúnra wọn, wọn kò jẹ́ kí n ràn wọ́n lọ́wọ́.

Ìgbà òtútù ni. A máa ń kó abọ́ kúrò lórí tábìlì, a ó nu ún gbẹ, a ó tẹ́ aṣọ náà sáàárín wa, kálukú a sì máa hun ìlà tirẹ̀ láti àárín lọ síhà ara rẹ̀. Àdéhùn wa ni pé àwọ̀ kan náà ni a ó jọ máa lò lẹ́ẹ̀kan náà, kí apá tiwọn lè jọ apá tèmi bí ojú ṣe ń jọ ara rẹ̀ nínú jígí. Ẹnikẹ́ni tó bá wọlé ló lè rí i lójú ẹsẹ̀ ẹni tó wà níwájú àti ẹni tó wà lẹ́yìn. Ní oṣù àkọ́kọ́, Màmá ló wà níwájú, torí mò ń gún aṣọ, mò ń tú u. Lẹ́yìn náà ọwọ́ mi mọ ọ̀nà. Mo rántí ọ̀sán tí mo gbé ojú sókè tí mo rí i pé apá tèmi ti fi ìlà méjì ju tiwọn lọ. Màmá náà rí i. Wọ́n fa jígí ojú wọn sókè, wọ́n sì tẹrí ba sórí iṣẹ́, abẹ́rẹ́ ń gbọ̀n lọ́wọ́ wọn bíi kó bọ́.

Ojú tì mí. Mo fẹ́ kí o mọ ibi tí ìtìjú yẹn ti wá. Nílé wa, nígbà tí mo wà ní kékeré, màmá mi àti ìyálé wọn máa ń jọ bó ẹ̀gúsí lábẹ́ igi máńgòrò, kálukú pẹ̀lú àtẹ tirẹ̀. Ọwọ́ màmá mi yá gan-an. Síbẹ̀, n kò rí i rí kí wọ́n bó tiwọn tán ṣáájú ìyálé. Bí wọ́n bá ti rí i pé tiwọn fẹ́ tán, wọ́n á máa bá mi sọ̀rọ̀, wọ́n á máa ṣa èèpo, wọ́n á sì fi ọgbọ́n bu díẹ̀ lórí àtẹ ìyálé sórí tiwọn, láìwo ibẹ̀, bí ẹni tó ń lé eṣinṣin. Àwọn méjèèjì á wá jọ gbọn ọwọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọn kò kọ́ mi ní ẹ̀kọ́ yẹn pẹ̀lú ẹnu. Mo kàn bá a lára mi ni, bí a ti ń bá ohùn wa.

Ṣùgbọ́n kò sí bí mo ṣe lè bu díẹ̀ nínú iṣẹ́ Màmá sórí tèmi. Wúlù kan ló ń lọ láti etí dé etí. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ ìlà ló gbọ́dọ̀ parí rẹ̀, torí ọwọ́ kálukú ní bí ó ṣe ń fa òwú le tàbí bí ó ṣe ń dẹ̀ ẹ́. Ìdajì àṣà ilé wa ló ṣẹ́ kù fún mi: kí n fà sẹ́yìn. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn. Mo ń dìde lọ gbé omi kaná tí ẹnikẹ́ni kò béèrè. Mo ń ní òwú lọ́ mọ́ra. Ìlà tó dára, mo ń tú u, mo ń ní kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ọkàn mi sì balẹ̀, torí láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ apá méjèèjì ti bá ara wọn dọ́gba, ojú Màmá sì rọ̀. Mo rò pé mo ti ṣe é dáadáa.

Ohun tí mi ò fi ara balẹ̀ wò ni pé bí mo ṣe ń rọra tó, Màmá náà ń rọra tó bẹ́ẹ̀. Bí mo bá hun ìdajì ìlà lóòjọ́, àwọn náà á hun ìdajì. Bí mo bá gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀, àwọn náà á gbé e sílẹ̀, wọ́n á béèrè nípa àwọn ọmọ mi. Ọwọ́ ló ń dùn wọ́n, ni mo wí nínú ara mi, mo sì tún dẹ̀ ẹ́ sí i. Ọmọbìnrin mi wá bá mi níbẹ̀ lọ́jọ́ kan lẹ́yìn ilé ìwé, ó dúró lẹ́bàá aṣọ náà, ó wo apá tèmi, ó ní, "Mamma, ma dormi?" Ó ń bi mí bóyá oorun ni mò ń sùn, torí ibi tí ó ti rí i lóṣù tó kọjá náà ló ṣì wà. Kí n tó dá a lóhùn, Màmá ti gbà á sọ: "Fi ìyá rẹ sílẹ̀ jàre. Ta ló ń lé e?"

Lórí fóònù, nǹkan ń yí padà. Lákọ̀ọ́kọ́, àbúrò wọn á béèrè ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mejì, á sì fi ara rẹ̀ ṣẹ̀sín. Nígbà tó yá, ó ń béèrè láì mọ̀ pé òun ti béèrè. Àwàdà náà dín kù. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe Màmá ní orúkọ ìyá wọn, Màmá á sì dáhùn sí i, wọ́n á bá a sọ̀rọ̀ bí ìyá, ọwọ́ wọn a sì wà lórí aṣọ náà láìmira. Síbẹ̀, ní gbogbo ìgbà yẹn, kì í pẹ́ kó tó padà sípò: "Áà, ẹ̀yin ni. Kúbùsù mi ńkọ́?" Àwa náà á sọ pé ó kù díẹ̀. Ó kù díẹ̀ lóòótọ́. Ó wà ní ó-kù-díẹ̀ títí yìnyín fi yọ́ lórí òkè, tí àwọn igi ojú títì fi bẹ̀rẹ̀ sí í rúwé.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ kan, fóònù kò dún. Màmá ní kí n pè é. Òṣìṣẹ́ ibẹ̀ gbé fóònù fún un. Màmá kí i, wọ́n fi í ṣẹ̀fẹ̀ bí wọ́n ti máa ń ṣe. Ohùn náà wá láti òdìkejì, ó mọ́, ó ní ẹ̀kọ́, kò sì mọ ẹnikẹ́ni. "Ẹ jọ̀ọ́, ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀?" Màmá dárúkọ ara wọn. "Ẹ má bínú," ni ó wí, "mi ò rò pé mo mọ̀ yín." Màmá dúró, mo sì dúró, a ń retí kó padà sípò. Kò padà. Òṣìṣẹ́ náà gba fóònù, ó ní ó ti tó ọjọ́ mélòó kan tó ti wà bẹ́ẹ̀.

Màmá tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sórí kúbùsù náà. Wọ́n ní, "Ǹ bá má dúró dè ọ́."

Mi ò kọ́kọ́ gbọ́ wọn yé. "Ẹ dúró de ta ni, Màmá?"

"Ìwọ. Mo rí i pé ó ti rẹ̀ ọ́. O ń tú ìlà tó dára, o ń sá lọ gbé omi kaná. Iṣẹ́ yìí kò sí nínú contratto rẹ, ìwé àdéhùn iṣẹ́ rẹ, mi ò sì fẹ́ kó dà bíi pé mò ń lé ọ. Níbi tí mo ti ránṣọ nígbà ọmọge, ọ̀gá wa a máa dúró sẹ́yìn wa, á máa pàtẹ́wọ́ pé ẹ yára, ẹ yára. Mo ti búra pé mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ sí ẹnì kankan láyé mi. Bí mo bá rí i pé o rọra, èmi náà á rọra."

"Ẹ̀yin ni mò ń dúró dè," ni mo wí. "Mo rò pé ọwọ́ ló ń dùn yín. Nílé wa, ọmọdé kì í parí iṣẹ́ ṣáájú àgbà."

"Ọwọ́ mi? Ọwọ́ mi ti sàn láti oṣù kejì. Bó bá ṣe pé o sáré, ǹ bá sáré tẹ̀ lé ọ."

Ẹ̀rín fẹ́ gbà wá lẹ́nu, àní ó tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀, a sì rí ojú ara wa, ó dá. Lẹ́yìn náà, láìsí pé ẹnikẹ́ni sọ ọ́, a mú abẹ́rẹ́. Mi ò tíì rí irú ìyára bẹ́ẹ̀ rí. A kò mu kọfí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó wà láàárín wa ni orúkọ àwọ̀ tó kàn: búlúù, wúrà, búlúù. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, a ti dé etí méjèèjì, Màmá ti fi ẹ̀rọ rán etí rẹ̀, mo ti fọ̀ ọ́, mo ti sá a. Iṣẹ́ tí a fi gbogbo ìgbà òtútù sùn lé lórí kò ju ìyẹn lọ. Ká ní ó gba odidi oṣù kan láti parí rẹ̀, bóyá ara ì bá tù mí.

A wọ ọkọ̀ ojú irin ní Porta Nuova ní Torino, a pààrọ̀ ní Milano, kúbùsù náà wà lórí ẹsẹ̀ Màmá títí a fi dé Padova. Àbúrò wọn jókòó lẹ́bàá fèrèsé, obìnrin kékeré, wọ́n ti ya irun rẹ̀ dáadáa, ojú rẹ̀ jọ ti Màmá tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi dúró lẹ́nu ọ̀nà fúngbà díẹ̀. Ó kí wa bí a ti ń kí àlejò tí a kò retí. Màmá tẹ́ kúbùsù náà lé e lẹ́sẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ lọ sórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìka rẹ̀ wá ìlà àárín rí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé ọnà náà láti ibẹ̀ lọ, gòkè, sọ̀ kalẹ̀, kò ṣì í, bí ẹni tó ń hun ún. Mo rò pé yóò padà sípò. Mo gbàdúrà nínú mi. Ó gbé ojú sókè sí Màmá, inú rẹ̀ dùn.

"Iṣẹ́ yìí mọ́ púpọ̀. Ta ló ṣe é?"

Màmá tẹrí ba díẹ̀, àwọn tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n, wọ́n sì bá a sọ̀rọ̀ bí a ti ń bá obìnrin tí a kò mọ̀ rí sọ̀rọ̀. "Èmi àti ọ̀rẹ́ mi yìí ni, Signora. A ṣe é fún yín."

"Fún èmi? Ẹ ṣe é gan-an ni," ni ó wí. "Mi ò mọ ohun tí mo ṣe tí mo fi yẹ fún irú èyí."

Nígbà tí à ń padà, oko ìrẹsì ẹ̀bá Vercelli ti kún fún omi, ojú ọ̀run wà nínú rẹ̀ lọ kánrin. Màmá kò wo ibẹ̀. Wọ́n ní, "Kì í ṣe ẹjọ́ ẹnì kan." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò sí ìgbà tí a tún sọ ọ́ mọ́, títí tí Màmá fi lọ, ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, lórí ibùsùn ara wọn.

Òótọ́ ni, kì í ṣe ẹjọ́ ẹnì kan, ìyẹn gan-an sì ni kò jẹ́ kó tán nínú mi. Ká ní ọ̀kan nínú wa ya ọ̀lẹ ni, tàbí aláìbìkítà, ǹ bá rí ẹni bínú sí, ọ̀rọ̀ ì bá sì parí. Ṣùgbọ́n ohun tó dára jù tí àwọn ìyá wa fi lé wa lọ́wọ́ ni a lò, ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ kan ni a kò lò mọ́ ọn. Bí mo bá wà pẹ̀lú àgbà báyìí, mo ṣì máa ń rọra, mi ò lè ṣe kí n má rọra. Àmọ́ mo máa ń bi wọ́n pé, "Ṣé kí n máa bá iṣẹ́ tèmi lọ?" Àwọn kan ń rí i bí àìlẹ́kọ̀ọ́. Mo fara mọ́ ọn. Èmi àti Màmá jókòó kojú ara wa ní gbogbo ìgbà òtútù, a ń fi sùúrù dúró de ara wa, ẹnì kẹta nínú wa sì wà ní Padova, òun nìkan ni kò ní àyè láti dúró.